Àpótí Sìgá Tí Ó Di Gìtá

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa)



Ní ìpàdé tí ó kọjá, a gbọ́ àbá pé kí á yọ owó nínú àpò ìrànlọ́wọ́ láti fi ra gìtá mẹ́ta fún ayẹyẹ Ọjọ́ Òṣìṣẹ́. Àwa tí a dúró níwájú yín yìí kò fara mọ́ ọn. Owó aláìsàn àti ti opó ni owó náà. Orin dára, a sì fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n a lè fi ọwọ́ ara wa ṣe gìtá.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ibi tí a ti rí ọgbọ́n náà. Ní Amẹ́ríkà, láti bí ọdún 1860 ó lé, inú àpótí pákó pẹlẹbẹ ni wọ́n ń kó sìgá ńláńlá sí, irú èyí tí wọ́n fi ewé tábà gan-an ká. Bí sìgá bá tán, àpótí a kù, tálákà kì í sì í sọ irú rẹ̀ nù. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ja Ogun Abẹ́lé níbẹ̀ (1861 sí 1865) fi ṣe ohun èlò olókùn tí a ń fi ọrun ta bíi gòjé. Ayàwòrán Edwin Forbes ya ọ̀kan, àwòrán náà sì jáde ní 1876. Àwọn àgbẹ̀ aláìnílẹ̀, dúdú àti funfun, fi ṣe gìtá. Ọmọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Tennessee ni Carl Perkins tí ó kọ “Blue Suede Shoes” ní 1955. Àpótí sìgá àti igi ìgbálẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ṣe gìtá àkọ́kọ́ fún un.

Àpótí wọ̀nyí kan àwa ẹlẹ́gbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ní 1880 ni ẹgbẹ́ àwọn tí ń ká sìgá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé aláwọ̀ búlúù mọ́ wọn lára, kí ẹni tí ń rà lè mọ̀ pé ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ṣe é. Inú iṣẹ́ yìí ni Samuel Gompers ti wá, kí ó tó di ààrẹ àkọ́kọ́ fún American Federation of Labor ní 1886. (A kò ní í bo èyí mọ́lẹ̀: ní 1874, àwọn oníṣẹ́ sìgá ní San Francisco lo àmì tiwọn láti fi hàn pé kì í ṣe ará Ṣáínà ni ó ká a. Òṣìṣẹ́ ń lé òṣìṣẹ́. Ìyẹn kò dára rárá.)

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín àpótí sìgá ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àpótí pákó èyíkéyìí tí ó fúyẹ́ yóò ṣe é. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Àpótí náà ni agídìgbo, irin pẹlẹbẹ ni ó wà lójú tirẹ̀ dípò okùn. Ẹ wá igi líle tí ó gún, tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ẹ gbà á wọlé ní orí àpótí, kí ó jáde ní ìdí, kí igi ni ó ru agbára okùn, kì í ṣe pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbẹ́ igi náà wọnú díẹ̀ lábẹ́ ọmọrí: bí ó bá kàn án, ohùn á kú. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyẹn.

Okùn mẹ́ta ti tó. Bóòtù kan lókè àti igi kékeré kan lójú àpótí ni yóò gbé wọn sókè, kí àárín méjèèjì jẹ́ sẹ̀ntímítà 64. Láti orí bóòtù, ẹ fa ìlà sí 16, sí 21.3, àti sí 32. Ẹ yí okùn àárín títí yóò fi bá ohùn okùn tí ó nípọn mu ní 21.3, kí tín-ín-rín bá a mu ní 32. Ọrùn ìgò tí a ti dán etí rẹ̀ ni kí ẹ máa fi yọ̀ lórí okùn. Ohùn rẹ̀ kì í pọ̀, nítorí náà ẹ gbé maikirofóònù sún mọ́ ọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé pákó iléeṣẹ́ láìgba àṣẹ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò mọ̀ pé orin ni ẹ fẹ́ fi ṣe.

A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí á yí àbá yẹn padà. Ẹni tí ó bá ní àpótí, kí ó mú un wá sí ìpàdé tí ń bọ̀. Okùn nìkan ni a ó rà, àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí ni yóò sì dá owó rẹ̀.