Bí Ìjọba Bá Yí Padà, Ta Ni Aṣojú Wa Lókè Òkun?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìfilọ́lẹ̀ owó ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Wuse, Àbújá

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí àpótí, a sì ti ṣèlérí pé a kò ní fi ọ̀rọ̀ dá ìnáwó dúró.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ni ti àwọn aṣojú tí ìjọba kan ń rán sí ìjọba kejì, àwọn tí a ń pè ní áḿbásédọ̀, tàbí Háì Kọmíṣọ́nnà bó bá jẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Wuse nínú rẹ̀. Ó kàn wá ju ará ibòmíràn lọ. Láti oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá ni àwọn ilé aṣojú òkèèrè ti ń tẹ̀ lé e wá. Maitama tó múlé gbe wá kún fún wọn. Bí ìjọba bá yí padà, kí rédíò tó sọ ọ́ tán, àwa ti mọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù á dé sí ojúlé kan, oníbàárà tó ti ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ ìyá wa kan ní ọjà Wuse láti ọdún mẹ́ta á wá dágbére, onílé á sì yára fi owó kún owó ilé.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Aláàfin Ọ̀yọ́ ní àwọn ìlàrí tó ń rán níṣẹ́, tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn kí a lè dá wọn mọ̀. Orúkọ tí ọba sọ ìlàrí gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá rí Mádàríkàn lẹ́nu odi, ìlú ti mọ̀ pé ọba ní kí ẹnikẹ́ni má fi orí kan òun. Ìlàrí kan sì wà tó ń jẹ́ Ọbakòṣetán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Ọbakòṣetán yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Lóde òní, òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Vienna ní ọdún 1961 ló la ọ̀nà iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ìjọba kì í déédéé gbé ènìyàn lọ sí ìlú onílùú. Yóò kọ́kọ́ béèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá wọ́n á gba lágbájá, bí wọ́n bá sì kọ̀, wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Bí wọ́n bá gbà, aṣojú á mú ìwé ọwọ́ Ààrẹ lọ fún olórí ìlú náà. Bí ìjókòó rẹ̀ bá ṣófo, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà á di adelé. Ẹ̀yin náà mọ adelé: ó ń jókòó sílé ọba, ṣùgbọ́n kò dé adé. Níbi àpèjẹ ìjọba, ẹ̀yìn gbogbo àwọn áḿbásédọ̀ ni adelé ń tò sí. Mínísítà ni ó ń gba ìwé rẹ̀, kì í ṣe Ààrẹ.

Nílé wa níhìn-ín, abala 171 nínú ìwé òfin ọdún 1999 fún Ààrẹ ní agbára láti yan aṣojú, bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà bá fọwọ́ sí i. Abala kan náà sọ pé bí Ààrẹ bá kúrò lórí oyè, Akọ̀wé Ìjọba àti àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ gan-an á bá a lọ. Kò ka àwọn aṣojú òkèèrè mọ́ wọn. Nítorí náà, pípè tí ìjọba tuntun ń pe gbogbo wọn wálé, àṣà ni, òfin kò fi dandan mú un.

A ti rí ìgbà tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olóyè Simeon Adébọ̀, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó ń ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York láti ọdún 1962, nígbà Balewa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn sójà gba ìjọba, wọ́n sì pa Balewa. Ní oṣù keje ọdún náà, òmíràn tún ṣẹlẹ̀, Gowon dé. Ìjọba mẹ́ta láàárín oṣù méje! Adébọ̀ wà lórí ìjókòó rẹ̀ títí di ọdún 1967. Nígbà tí ilé ń jó, ẹnìkan ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ayé mọ̀, tí ayé sì ń fetí sí.

A sì ti rí ìdàkejì rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ológun lé Shagari kúrò ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, wọ́n ń wá Umaru Dikko tó ti jẹ́ mínísítà ìrìnnà. Ní oṣù keje ọdún 1984 wọ́n jí i gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fún un ní oògùn oorun, wọ́n dì í sínú àpótí bí ẹrù aṣojú ìjọba, wọ́n gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú Stansted. Àpótí náà kò ní àmì tó yẹ, ni àwọn aṣọ́bodè Gẹ̀ẹ́sì bá já a. Háì Kọmíṣọ́nnà wa, Ọ̀gágun Haldu Hananiya, padà wálé, tiwọn náà kúrò ní Èkó, ó sì tó bíi ọdún méjì kí ọ̀rọ̀ tó padà sípò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé ìwé ní ìlú ọba nígbà náà kò ní gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé èyí tó ṣojú wa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, oṣù kẹrin tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí oyè, ìjọba kéde pé kí gbogbo aṣojú Nàìjíríà padà wálé, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ayé wọn, àti àwọn olóṣèlú tí Ààrẹ Buhari yàn. Àwọn méjì tó wà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York àti Geneva nìkan ni wọ́n dá sí, nítorí ìpàdé ńlá Àjọ náà tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Ilé aṣojú 109 ni wọ́n kà sí wa lọ́rùn nígbà náà: 76 ti áḿbásédọ̀, 22 ti Háì Kọmíṣọ́nnà, àti 11 ti kọ́ńsúlù.

A kò bá Ààrẹ jà lórí pípè. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó gbajọba kò ní fẹ́ kí ẹni tí òun kò yàn máa fi ẹnu òun sọ̀rọ̀. Ohun tí a ń bá jà ni ìjókòó tó ṣófo. Ọdún 2023 parí, ọdún 2024 kọjá, ọdún 2025 fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, adelé ni a ń rí. Mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Yusuf Tuggar, sọ ọ́ ní gbangba pé owó ni kò sí, pé kò sí èrè nínú kí a rán ènìyàn lọ láìní owó tí yóò fi ṣiṣẹ́. Òótọ́ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ní ń ṣí òrùlé kó tó lọ béèrè iye tí páànù jẹ́? Ẹ rántí Ọbakòṣetán.

Kì í ṣe ìjọba yìí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ o. Buhari dé ní ọdún 2015, ọdún 2016 ni ó tó fi orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin, ọdún 2017 ni ọ̀pọ̀ wọn tó rìnrìn àjò.

Ẹ má rò pé adelé kò ṣiṣẹ́. Pásípọ́ọ̀tù kò dúró, wọ́n ń ṣe é. Àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí adelé kò lè kàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa, opó ni, a kò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí ó jókòó síhìn-ín. Ní ọdún 2024, ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀ ní ìlú kan nítorí ìwé ìgbélùú tó ti kọjá ọjọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nílé aṣojú wa níbẹ̀ kọ ìwé, ó lọ, ó bọ̀, Ọlọ́run á san án fún un. Èsì tó ń gbà ni pé ọ̀gá tó ń wá kì í rí ẹni tí kì í ṣe áḿbásédọ̀. Oṣù márùn-ún gbáko! Àwa tí a ń dá owó fún ìyá náà láti fi san lọ́yà mọ bí oṣù márùn-ún ṣe gùn tó.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump fi Nàìjíríà sínú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń tẹ òmìnira ẹ̀sìn mọ́lẹ̀, ó tún ń halẹ̀ ogun. A kò ní áḿbásédọ̀ kankan ní Washington lọ́jọ́ náà. A kò sọ pé ẹnìkan ṣoṣo ìbá dá ọ̀rọ̀ náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń bá wọn jẹun tẹ́lẹ̀ ìbá gbọ́ òórùn rẹ̀ kó tó jóná. Kí oṣù kọkànlá tó parí, Ààrẹ fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́, Káyọ̀dé Arẹ, Aminu Dalhatu àti Ayọ̀délé Òkè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó tún fi 32 kún un. Àwọn aṣòfin fọwọ́ sí wọn ní oṣù Kejìlá. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí pípè tí wọ́n pe àwọn ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn mìíràn ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Nígbà tí ìjọba yí padà ní Bìrìtìkó ní oṣù keje ọdún 2024, Richard Montgomery tó jẹ́ Háì Kọmíṣọ́nnà wọn níhìn-ín kò palẹ̀ ẹrù kankan mọ́. Àwọn Amẹ́ríkà ní tiwọn pe Richard Mills tó wà ní Àbújá mọ́ àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀ wálé ní òpin ọdún 2025, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni, kì í ṣe olóṣèlú. Àwọn ológun Niger sì yára ju gbogbo wọn lọ: wọ́n gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, wọ́n ti fòpin sí iṣẹ́ aṣojú wọn ní Faransé, Amẹ́ríkà, Tógò àti níhìn-ín.

Nítorí ọ̀rọ̀ ìyá wa yẹn ni ẹgbẹ́ fi pinnu ohun kan. Ìwé kan wà lórí tábìlì akọ̀wé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ, ọkọ, aya tàbí àbúrò lókè òkun kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ìlú tó wà, àti ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ máa parí. Lára owó tí a bá rí lónìí, a óò ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ fúnra rẹ̀, akọ̀wé á bá a kọ ọ́.

Alága, ẹ lè ṣí àpótí.