Oníbàárà tó Dá Ọjà Padà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí ẹnìkan bá ta fóònù àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí oníbàárà gbà á ní Kétu, tó sì fi ìbínú dá a padà lọ́jọ́ kejì, kí olùtajà kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ó fi àléébù rẹ̀ hàn. Bí ó bá fi í pamọ́, ẹ̀tọ́ ni oníbàárà ń bèèrè, bó ti wù kó pariwo tó. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ki ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bá ọlọ́jà wí. Ẹni tó ti ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì ní Mile 12 kò nílò àlàyé.

Ṣùgbọ́n bí àléébù bá ti hàn, tí wọ́n sì ti pínyà, òwò ti fìdí múlẹ̀. Oníbàárà tó kàn kábàámọ̀ kò lè fipá dá a padà. Olùtajà tó bá gbà á tìfẹ́tìfẹ́, láádá ń bẹ fún un. Kí oníbàárà tan fóònù náà, kí ó fi pe ènìyàn, kí ó tó sanwó.