Bánà Ojú Pópó àti Àwọn Tí Ń Fúnni Láṣẹ



Ẹlòmíràn lè máa rò ó pé ọ̀rọ̀ bánà kéré jù fún àpéjọ wa. Kò kéré. Ẹni tí ó bá láṣẹ láti sọ pé kí a so èyí mọ́ òpó, kí a má so tọ̀hún, òun ni ó ń yan ohun tí ojú ìlú yóò rí.

Àfikún Kẹrin ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi àkóso ìpolówó ìta gbangba sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Òfin owó-orí ti 1998 náà ka owó ìwé àṣẹ pátákó mọ́ èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà. Síbẹ̀, ìjọba Èkó dá LASAA sílẹ̀ ní 2006. Ọ̀yọ́ náà ní OYSAA, Ògùn ní OGSAA. Nípa bẹ́ẹ̀, oníṣọ́ọ̀bù kan lè gba ìwé owó méjì lórí pátákó kan ṣoṣo.

Ní 11 oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí ó sì jẹ́ pé àwọn tí a dìbò yàn ni yóò máa darí wọn. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ń bi alága léèrè, ọ̀nà tí owó ń gbà nìkan ni ó yí padà.

Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè ni mo kọ́, nítorí náà èdè òfin wọ̀nyí ni ó ń dùn mí jù. Láyé àwọn baba wa, bí ọba bá pàṣẹ, akéde á lu agogo láti àdúgbò dé àdúgbò, tọmọdé tàgbà á sì gbọ́. Lónìí, inú fáìlì ni òfin bánà wà, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí wọ́n bá já bánà ìyá aláta lulẹ̀ ni yóò tó mọ̀ pé òfin wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, bánà ọjọ́ìbí olóṣèlú á ṣì máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Bánà tí ó bo iná ojú títì lè pa ènìyàn. Ó yẹ kí òfin wà. Àwa náà tí a ń so bánà Ìṣẹ̀ṣe ní oṣù Kẹjọ, kí a gba ìwé àṣẹ tiwa, kí a sì tú u sílẹ̀ bí ọjọ́ bá pé. Ẹni tí yóò bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, kí tirẹ̀ pé.

Kí ni a ó wá bèèrè? Ọjọ́ wo ni àwọn kánsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí òfin náà? Èló ni, fún ọjọ́ mélòó? Èyí tí ó ṣe kókó jù: àwọn wo ni wọ́n kọ̀ fún, kí sì ni ìdí? Ibẹ̀ ni ojúsàájú máa ń sá pamọ́ sí. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 fún wa láyè láti bèèrè láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni ó sì fún wọn láti fèsì.

Àpẹẹrẹ lẹ́tà wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ yín sí i. Kí ẹni tí ó bá mú un lọ rí i pé wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i, nítorí láti ọjọ́ náà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ka méje.