Òkúta Tí A Kò Dán, Owó Ẹlòmíràn Ni

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ó dá ilẹ̀ tí ó sì fi ọrọ̀ pamọ́ sí inú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ìlú Ìwó, ọ̀rọ̀ òní dá lórí òkúta iyebíye: bí wọ́n ṣe ń gé e, bí wọ́n ṣe ń dán an, àti ẹni tí èrè rẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́.

Ìlọrin ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn kan nínú àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ olókùúta kó lọ sí Ìlọrin, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà dání. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí wọ́n ń ṣe ni à ń pè ní lántànà, àwọn ọba àti àwọn ìjòyè sì fi ń ṣe ọ̀ṣọ́. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́, a gbẹ́ ẹ bí ó ti fẹ́ kí ó rí, a sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò láti ìhà méjèèjì títí wọn yóò fi pàdé láàárín. Lẹ́yìn náà ni yóò lọ̀ ọ́ títí tí yóò fi máa dán. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ nígbà tí ó ń lu ihò, òkúta lè fọ́, kí làálàá rẹ̀ sì di òfo.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí: ilẹ̀ Ìlọrin kọ́ ni òkúta náà ti ń wá. Láti ọ̀nà jíjìn ní àríwá ni àwọn oníṣòwò ti ń gbé e wá. Ìlọrin kò ní òkúta, ṣùgbọ́n ó ní ọwọ́. Ọwọ́ náà ni ó sọ ọ́ di olówó.

Báwo ni ọ̀ràn ṣe rí lónìí? Ó ti yí padà. Ní ọdún 1998, òkúta pupa kan tí a ń pè ní tourmaline, tí wọ́n wà jáde ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, di ohun tí àwọn oníṣòwò àgbáyé ń wá kiri. Títí di òní, ọjà òkúta wà ní Òjòó ní Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí Ìwó. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn òkúta yìí ni wọ́n ń gbé jáde láìgé, láìdán, tí àwọn oníṣẹ́ Íńdíà àti ibòmíràn ń sọ wọ́n di ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn.

Ní ilẹ̀ Jámánì, ìlú kan wà tí ń jẹ́ Idar-Oberstein. Nígbà tí òkúta tí wọ́n ń wà níbẹ̀ tán lọ́wọ́ wọn ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, wọn kò jókòó sunkún. Wọ́n ń ra òkúta láti Bùràsíìlì, wọ́n ń gé e, iṣẹ́ náà kò sì tíì kú níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò kọjá agbára ọ̀dọ́. Ayùn tí a fi dáyámọ́ǹdì sí etí rẹ̀ ni a fi ń la òkúta. A ó fi ìda lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo irin tí ń yí, ojú kan lẹ́yìn òmíràn, kí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ lè padà sí ojú ẹni tí ń wò ó. Omi gbọ́dọ̀ máa sàn sí i lórí, nítorí ekuru òkúta a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Gíráàmù 1 jẹ́ káráàtì 5. Òkúta lè pàdánù ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ nígbà gígé, síbẹ̀ kí ó níye lórí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Al-Bírúnì, onímọ̀ tí a bí ní ọdún 973, kọ odindi ìwé lórí òkúta iyebíye, ó sì ń fi omi wádìí ìwúwo wọn kí ó lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Hadíìsì sì jẹ́rìí pé òrùka fàdákà Ànọ́bì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní òkúta ilẹ̀ Hábáṣà lórí.

Ṣùgbọ́n òwò yìí ní ààlà. Òfin ọdún 2007 sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, nítorí náà ẹni tí yóò wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Súrà 83 bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí. Ẹni tí ó bá ta dígí ní orúkọ òkúta, olè ni. Ẹni tí ó bá ní òkúta ń dènà ibi, irọ́ ni ó ń tà mọ́ ọn.

Kí ọ̀dọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà pa owó pọ̀ ra ẹ̀rọ kan, kí wọ́n wá ọ̀gá tí yóò kọ́ wọn, kí wọ́n sì bá alágbẹ̀dẹ fàdákà ṣe pọ̀. Ilẹ̀ ti ṣe tirẹ̀, ó kù sí ọwọ́. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Àmín.