Ọrùn Òṣìṣẹ́ Kì Í Ṣe Irin

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa)

Ọ̀rọ̀ owó oṣù kọ́ la gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ ọrùn ni.

Eegun 7 ló tò léra wọn ní ọrùn ènìyàn, tìmùtìmù rírọ̀ sì wà láàárín wọn. Orí wa nìkan, kí a tó gbé ohunkóhun lé e, wúwo tó nǹkan bíi kílò 5. Bí ọrùn bá dúró ṣánṣán, eegun ló ń gbé orí. Bí a bá tẹrí ba fún wákàtí púpọ̀, bíi ti àwọn ará wa nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, iṣan ẹ̀yìn ọrùn ni yóò máa fà á, ìdí nìyẹn tí ọrùn fi ń gan lálẹ́.

Àwọn kan á ní, “Ṣebí àwọn ìyá wa ń ru igi, ń ru omi?” Bẹ́ẹ̀ ni, lórí òṣùká, pẹ̀lú ọrùn tó nà tààrà. Ẹ bi wọ́n bóyá wọn kì í fi róòbù pa ọrùn kí wọ́n tó sùn.

Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Láti 1967 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí ẹrù tí ọkùnrin àgbàlagbà kan yóò gbé má ju kílò 55 lọ, kí ti obìnrin sì kéré sí i dáadáa. Ẹni tó ń ru àpò 2 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti kọjá ààlà. Ẹ má pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Tìmùtìmù náà lè yọ síta, kí ó tẹ okùn ìmọ̀lára tó lọ sí apá. Ìka á máa kú, apá á máa ro, a ó sì máa wo apá sàn nígbà tó jẹ́ pé ọrùn ni àìsàn wà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ìrọ̀rí orí àga ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ọkọ̀ bá gbá yín lẹ́yìn, òun ni kò ní jẹ́ kí orí fì sẹ́yìn jù. Bí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má fa ẹni tó farapa lórí tàbí lápá, àfi bí iná bá fẹ́ jó ọkọ̀. Inú eegun ọrùn ni mùdùnmúdùn ẹ̀yìn gbà kọjá. Bí ó bá já, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lè rọ títí ayé. Ẹ di orí mú kí ó má mì.

Òfin owó ìtanràn ìfarapa òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí a fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹ má dúró de ìgbà tí ìrora bá di ńlá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ fún fọ́máànù tàbí máníjà, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan wá fún wa ní ọ́fíìsì ẹ̀ka.