Ìbọn ìléwọ́: ńlá tàbí kékeré?

Ìbọn ìléwọ́ ńlá rọrùn láti yìn. Kékeré rọrùn láti fi pamọ́.

Ìdìmú ìbọn ńlá kún àtẹ́lẹwọ́. Ìwúwo rẹ̀ kì í jẹ́ kó fò púpọ̀ lọ́wọ́. Ó yẹ ọlọ́pàá tó wọ yunifọ́ọ̀mù. Kékeré yẹ ọlọ́pàá inú aṣọ ilé, tí yóò fi í sábẹ́ bùbá. Ọta tó ń gbà kéré, ìbọn náà sì máa ń fò lọ́wọ́.

Ní Alímọ̀ṣọ́, ní Èkó, yíyàn yìí kì í ṣe ti ará ìlú. Òfin ohun ìjà Nàìjíríà ti ọdún 1959 fi ìbọn ìléwọ́ ṣe èèwọ̀, ńlá ni o, kékeré ni o, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ. Kí ẹnikẹ́ni má fi "kékeré ni" tan ọmọ wa. Ìbọn ṣakabùlà ọdẹ wà ní ìsọ̀rí mìíràn. Òun náà ń fẹ́ ìwé àṣẹ.