Tòkunbọ̀ àti Ọmọ Onílé

Ẹni tó bá dúró lẹ́bàá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lówùúrọ̀, tó ń wo àwọn ọkọ̀, ọmọ Ògún Lákáayé, bí wọ́n ṣe ń tò lọ bí ìjàlọ, yóò rí i pé ọkọ̀ òkèèrè ló gbòde, àti pé ọ̀pọ̀ wọn ló ti sin ẹlòmíràn lókè òkun kí a tó pè wọ́n ní Tòkunbọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ilé náà gbìyànjú láti ní ọkọ̀ tirẹ̀. Ní 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì ń to tirẹ̀ ní Èkó. Ṣùgbọ́n nígbà tí náírà rẹlẹ̀, tí ẹ̀yà ọkọ̀ láti òkèèrè wọ́n bí ojú, tòkunbọ̀ gba ọjà. Lẹ́yìn náà ni Innoson, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti onílé, dìde ní Nnewi ní 2007. Láti gbè é lẹ́yìn ọkọ̀ tí a ń ṣe nílé, ètò ìjọba ti 2013 gbé owó ibodè àti àfikún orí ọkọ̀ tuntun láti òkèèrè dé 70%.

Ṣùgbọ́n ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: olùrà ń wo àpò rẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yà tí yóò rí rà ní Ládìípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó. Owó ibodè nìkan kò lè sọ ọkọ̀ tí a ṣe nílé, ọmọ onílé, di ààyò. Kí àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ nílé mú owó rẹ̀ rọjú, kí ẹ̀yà rẹ̀ sì wà ní àrọ́wọ́tó mẹkáníìkì àdúgbò, nítorí ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.